Èèkàn Tó Ń Gun Òkè

"Abíọ́nà, ṣé ilẹ̀ a máa gun òkè?"

Ìsípẹ́kítọ̀ Títílọlá Bọ́lárìnwá kò gbé ohùn sókè. Bí ẹni ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀pà ló ṣe bèèrè. Abíọ́nà wo ojú obìnrin ọlọ́pàá náà, ó wo ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Òógùn bò ó bí ẹni tó jẹ ata rodo.

"Rárá, mà. Ilẹ̀ kì í gun òkè."

"Ìwé rẹ ló ní ó ń gùn ún."

Saidat wà nídìí ìkòkò aró, ó ń fi igi ro aró tí kò nílò ríro. Etí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Láti Ọjọ́rú tí ògiri ilé ìwẹ̀ ti wó lu Muideen, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, oorun kò kun ojú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyí. Láàárọ̀ yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó tún rí ohun kan lẹ́yìn ilé. Ì bá sàn kó má rí i. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ wúwo bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi.

Ilé náà wà ní Kemta, ó fẹ̀yìn ti òkè. Ilẹ̀ pupa ni òkè náà, àpáta ńlá kan ló jókòó sórí rẹ̀. Òjò ọdún yìí pọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé sì lanu: ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn láti ìdí ọ̀pẹ dé ìdí ìbẹ́pẹ. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ránṣẹ́ pe tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀. Tíṣà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ òkè tó bá fẹ́ yọ̀ wà láyé, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ òun. Ó gún èèkàn irin mẹ́ta sára òkè náà, ó kọ́ Abíọ́nà, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé, bí yóò ṣe máa fi téèpù wọ̀n wọ́n ní Sátidé Sátidé, láti ara àpáta wá sí ara èèkàn.

"Àpáta kì í rìn," ni tíṣà wí. "Bí èèkàn bá ń jìnnà sí i, ilẹ̀ ló ń gbé e bọ̀ nísàlẹ̀. Bó bá ti fi ìka mẹ́rin jìnnà, kí gbogbo ará ilé ìsàlẹ̀ kó jáde lọ́jọ́ náà."

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kò ju èyí lọ. Èèkàn mẹ́ta, téèpù kan, ìwé kan.

Sátidé mẹ́ta ni Abíọ́nà fi wọ̀n ọ́n. Ìwé ní ilẹ̀ kò rìn. Ní Ọjọ́rú, ògiri wó. Ẹgbẹ́ onílé bá figbe bọnu: Abíọ́nà jókòó sílé ló ń kọ nọ́ńbà, kí wọ́n mú un! Èyí ló gbé ọlọ́pàá dé.

Èyí kọ́ ló ń ká Saidat lára jù. Ní yàrá ẹ̀yìn, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè gan-an, Ameenah ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkókó ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ Saidat, ti sọ̀rọ̀ sí i: ìkókó kì í fojú kan ìta ilé yìí kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ta ni yóò bá a jiyàn? Òun ló bí ọkọ. Òun ló kọ́ Saidat ní aró rírẹ.

*

"Ọ̀gá, kí n fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́?" Gbémiga, ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé Títílọlá wá, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé ló ti ń wo òkè náà bí ẹni ń wo ajá tí wọn kò so.

"Ṣẹkẹṣẹkẹ ò ní sá lọ, Gbémiga. Dì í mú ná." Títílọlá ṣí ìwé. Obìnrin kúkúrú ni, sílípáàsì rọ́bà ló wọ̀ wá síbi iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó wọlé, "Àrẹ̀dú o!" ló fi kí wọn, bí ẹni tí wọ́n bí sídìí aró, ìgbà náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń ba Saidat. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ yóò mọ ibi tí o ń fi nǹkan pamọ́ sí.

"Èèkàn kìíní. Sátidé àkọ́kọ́, mítà méjìlá àti ogójì sẹ̀ǹtímítà. Sátidé kejì, méjìlá àti márùndínlógójì. Sátidé kẹta, márùndínlógójì náà. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ló fi sún mọ́ àpáta. Ó gun òkè. Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo rò pé ojú mi ni, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un wọ̀n. Mo ní bí mo bá sọ, wọ́n á ní mi ò mọ téèpù kà, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Lọ wọ̀n ọ́n kí n rí i."

Abíọ́nà gun òkè, ó fi téèpù sára àpáta, Gbémiga di ẹnu rẹ̀ kejì mú sára èèkàn. Márùndínlógójì.

Títílọlá mi orí. "Gbémiga, bí ìwọ bá jókòó sílé tí o ń kọ irọ́, kí lo máa kọ?"

"Ogójì, ogójì, ogójì, ọ̀gá."

"Hẹn. Irọ́ a máa gún régé. Òtítọ́ ló máa ń rí wúruwùru báyìí. Ọmọkùnrin yìí ò purọ́. Èèkàn ló ń purọ́. Ẹnìkan ló ń gbé e."

Abíọ́nà jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Igi aró bọ́ lọ́wọ́ Saidat. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ń bẹ̀rù kí ó má baà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò wò.

*

Ìsípẹ́kítọ̀ lóṣòó ti èèkàn kìíní, ó ń fi ìka tú ilẹ̀. Nísàlẹ̀ èèkàn náà ló ti rí ihò kan tí wọ́n ti fi yẹpẹ dí. Nísàlẹ̀ ihò yẹn, òmíràn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn. Ihò mẹ́ta, wọ́n tò bí àtẹ̀gùn. Ó lọ wo èèkàn kejì. Mẹ́ta. Ìkẹta. Mẹ́ta.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fà á yọ. Yẹpẹ tòkè yìí tutù. Ti àárọ̀ yìí ni."

"Ẹ ò wá mú olè ilẹ̀!" Ìyá Àgbà ló pariwo láti orí àpótí tó jókòó lé lábẹ́ òrùlé, tèsùbáà lọ́wọ́. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, etí rẹ̀ mú ju ti ológbò. "Olújìmí nìyẹn lókè! Ẹ lọ mú un! Òun ló ń fọwọ́ lalẹ̀!"

Olújìmí ló ra ilẹ̀ òkè wọn, ó ń kọ́lé síbẹ̀. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é, aago ọwọ́ ńlá kan ń tàn yòò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ìyáàfin ọlọ́pàá. Ìyá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀? Àná wọ́n ní èmi ni mo ti ògiri lulẹ̀. Lọ́la wọ́n á ní èmi ni mo rọ òjò."

"Ìwọ ni!" ni Ìyá Àgbà wí. "Ojú ẹ bí ojú ẹyẹ àṣá!"

"Ìyá, ojú yìí kan náà lẹ wò tẹ́ ẹ fi ta àdìrẹ fún mi nígbà Iléyá."

Gbémiga rẹ́rìn-ín. Títílọlá kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ ní téèpù?"

"Èmi akọ́lé? Ẹ bi apẹja bóyá ó ní àwọ̀n."

"Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n, láti ara ògiri ilé Ìyá dé ara èèkàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe."

Olújìmí na téèpù. "Ti àkọ́kọ́, fíìtì méjìlá. Géérégé." Ó bọ́ sí ìkejì. "Méjìdínlógún. Géérégé." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. "Ti ìkẹta... mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Géérégé?"

"Géérégé."

Gbémiga fò sókè. "Ọ̀gá! Tíṣà fi mítà gún un, ta ló wá fi fíìtì gún un? Ta ló ń ka fíìtì níbí bí kò ṣe birikilà?" Ó ti na ọwọ́ mú Olújìmí ní ṣòkòtò.

"Fi mí sílẹ̀ jàre! Kí ni mo fẹ́ fi èèkàn ṣe? Bí òkè yìí bá yọ̀, ilé tèmi ló wà lórí rẹ̀!"

Ààrá kùn láti apá Igbein. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ìkùukùu dúdú ti ń gorí ara wọn. Láti yàrá ẹ̀yìn, ìkókó sunkún, ó dákẹ́. Saidat rò ó nínú ara rẹ̀ pé òjò yẹn kò ní pẹ́. Kò ní pẹ́ rárá.

Títílọlá wo ojú ọ̀run, ó wo òkè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá yára.

"Méjìlá. Méjìdínlógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbémiga, akọ́lé tó fẹ́ fi èèkàn síbi tó wù ú, kò ṣe fi síbi fíìtì mẹ́tàlá? Kò ṣe mẹ́rìndínlógún? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín sí ọ̀nà mẹ́ta láìṣẹ́kù. Kì í ṣe ẹni tó ń ka fíìtì. Ẹni tó ń ka fíìtì mẹ́ta ní ọ̀kan ni. Mẹ́rin, mẹ́fà, márùn-ún." Ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára Saidat. "Ìyá Ameenah, yáàdì mélòó lẹ ń gé àdìrẹ sí?"

"Már... márùn-ún, mà."

"Kí lẹ fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Igi ni. Igi yáàdì."

"Mélòó ló wà nílé yìí?"

"Ẹyọ kan."

"Ta ló gbé e jáde láàárọ̀ yìí?"

*

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ilé dàrú kó fi omi sẹ́nu. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Saidat ti fi omi sẹ́nu nílé yìí. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Àgbà ń ka tèsùbáà, kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti dúró lórí hóró kan ṣoṣo. Bí ìyàwó ilé bá nawọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ níwájú ọlọ́pàá, ta ni yóò tún jẹun nínú abọ́ rẹ̀ ní Kemta?

Ìkókó tún sunkún.

"Mo rí i," ni Saidat wí. Ohùn náà kéré, kò dà bí tirẹ̀. "Lẹ́yìn tí wọ́n kírun àsùbáà tán. Mo... mo fẹ́ lọ da omi nù. Ìyá ni. Ìyá ló ń wọ̀n ọ́n."

"Saidat!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ dákun. Ọmọ mi ló wà nínú yàrá yẹn."

Ìyá Àgbà dìde. Kò sẹ́. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti ro.

"Èmi ni. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin alákọ̀wé rò pé òpònú ni mí. Ojú mi ni wọ́n ṣe jẹ ilẹ̀ àbúrò bàbá mi ní Igbein. Báyìí náà ni! Wọ́n gún irin mọ́lẹ̀, wọ́n ní nǹkan kan kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á sún un díẹ̀. Nígbà tí ọdún fi yípo, irin ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Ọjọ́ tí tíṣà yín gún tiwọn síbí ni mo ti fi igi mi wọ̀n ọ́n. Yáàdì mẹ́rin ó dín díẹ̀. Mo ní n óò fún ara mi ní èyí tó dín. Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti sún mọ́ mi! Mo gbé e dé mẹ́rin. Jímọ̀ kejì, ó tún ti sún. Mo dá a padà. Àárọ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibi ìwẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. N kò ní kú kí Olújìmí jogún mi."

Olújìmí ká téèpù rẹ̀, ó fi í sápò.

Títílọlá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí yẹpẹ níwájú arúgbó náà. "Ìyá, ẹ ṣeun."

"Ẹ ṣeun kí ni?" ni Gbémiga wí.

"Ìwé tí a kò ní, Ìyá ti bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibì kan náà ni wọ́n ń dá a padà sí, ní Jímọ̀ Jímọ̀. Nítorí náà, àlàfo ihò sí ihò ni ìrìn ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan." Ó sáré padà sídìí èèkàn, ó na ọwọ́ sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kìíní, ká yọ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí Ìyá fún ara wọn kúrò: ìka mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kejì: ìka mẹ́jọ. Èyí tó parí láàárọ̀ yìí..." Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó gbé e sí àárín ihò tòkè àti èèkàn. Ó wọ̀ ọ́ pé pérépéré. "Odidi ẹsẹ̀ kan. Kì í ṣe pé òkè yìí ń rìn nìkan. Ó ti ń sáré."

"Irọ́!" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọwọ́ èèyàn ni!"

"Ó dáa. Ẹ lọ mú igi yín wá, Ìyá. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n."

Arúgbó náà wọlé, ó jáde. Igi yáàdì náà ti dúdú fún ọwọ́ àti aró. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò sàmì sí i. Èjì. Ẹ̀ta. Nígbà tó tẹ́ ẹ ní ìgbà kẹrin, igi náà kò lè dùbúlẹ̀. Orí rẹ̀ gbá èèkàn. Ó kù díẹ̀ kó wọ̀. Ó gbé e kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Igi náà tún gbá èèkàn.

"Ìka méjì ló fi dín," ni Títílọlá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí Olújìmí wọ̀n ọ́n, kò tíì ju wákàtí kan lọ, fíìtì méjìlá géérégé ni. Láti ìgbà náà, gbogbo wa la wà níbí. Ìyá, ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ìyá Àgbà wo Olújìmí. Ó wo Abíọ́nà. Ó wo òkè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Saidat rí i pé obìnrin náà kéré.

"Ọmọ kì í fojú kan ìta," ni Ìyá Àgbà wí, bí ẹni tó ń wá ohun kan dì mú. "Ọjọ́ mẹ́rin péré..."

Saidat kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti wọ inú ilé lọ.

*

Nígbà tí òjò fi balẹ̀, gbogbo wọn ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní òdìkejì títì: Ameenah pẹ̀lú ìkókó nínú aṣọ òtútù, àwọn ará ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti àwọn birikilà Olújìmí. Gbémiga ló gbé ìyá arúgbó kan láti ilé kejì kọ́rùn jáde. Abíọ́nà ń ka orí wọn, ó ń tún un kà.

Òjò náà rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Wọ́n ń wo òkè. Wákàtí kan kọjá. Òkè kò mira. Òjò fà sẹ́yìn, ó di wínníwínní, ó dá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ yọ ojú díẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ òun.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ," ni Títílọlá wí. "Omi ṣì ń wọlẹ̀."

Ìyá Àgbà ti dìde. "Ẹ rí i bí? Ó ti wó? Ẹ lé arúgbó jáde bí adìẹ. Mo fẹ́ lọ kírun nílé mi." Ó ti sọ ẹsẹ̀ kan sí títì.

Saidat kò mọ ìgbà tó na ọwọ́. Kò fọwọ́ kan obìnrin yìí rí àfi láti kúnlẹ̀ kí i. Ó di ìró rẹ̀ mú ní ìdí, ó dì í le.

"Ẹ ò lọ, Ìyá."

"Saidat, èmi lo ń di láṣọ mú?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò lọ."

"Fi mí sílẹ̀ kí n tó gbá ẹ létí!"

"Ẹ gbá mi. Ẹ ò ní lọ náà ni."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà wà lókè nígbà tí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò wó. Ó dúró lóòró, ewé rẹ̀ ń mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí àlejò tó fẹ́ yà kí wọn. Lẹ́yìn náà ni ìró dé, ìró bí ìgbà tí típà mẹ́wàá bá da yẹpẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, fèrèsé tó kọjú sí òkè sì kún fún ilẹ̀ pupa títí ilẹ̀ náà fi gba inú yàrá kọjá, ó sì jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú.

Ameenah gbá ọmọ mọ́yà. Abíọ́nà tún ń ka orí wọn, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mira.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀.

"Ògiri Ọjọ́rú yẹn. Èmi ni mo ṣẹ́ Muideen lẹ́sẹ̀."

Saidat wo ilẹ̀ pupa tó ya jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Títílọlá wá dúró tì wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ bàtà, èkejì kò wọ̀. "Ìyá, ẹ ó tẹ̀ lé mi dé tẹ́ṣàn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ lónìí."

"Ẹ kọ́kọ́ mú mi dé ọsibítù," ni arúgbó náà wí. "Ẹnu mi ni kí Muideen ti gbọ́ ọ."

Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rìn, kò lè rìn. Saidat ṣì di ìró rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì wo ọwọ́ náà. Kò sí èyí tó gbìyànjú láti tú u.